Èmi Ni Wọ́n Máa Ń Rán Wọnú Òkùnkùn

"Lọ wo ibẹ̀." Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra tó o láyé yìí, ẹnìkejì mi ló sì máa ń sọ ọ́ fún mi. Kì í tiẹ̀ wojú mi tó bá ń sọ ọ́. Ojú rẹ̀ á wà lára kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí máòsì, á wá fi àgbọ̀n júwe ibi tó ṣókùnkùn, bí ẹni tó ń júwe ilé ìdáná fún ọmọ ọ̀dọ̀.

Ìbejì ni wá, obìnrin sì ni àwa méjèèjì. Orúkọ tí gbogbo ìbejì ilẹ̀ Yorùbá ń jẹ́ náà ni à ń jẹ́, nítorí náà kò sí ìdí tí mo fi máa dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí láti ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Géèmù ogun ojú sánmà ni géèmù tí mò ń sọ. Wọ́n á fún ọ ní ibùdó kan láàárín àwọn ìràwọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó ń wa òkúta aláwọ̀ aró nínú ilẹ̀. Òkúta yẹn lo máa fi kọ́lé, òun náà lo máa fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú tó ń yìnbọn. Kò dà bí ayò tí èmi á ta tán kó tó kàn ọ́. Gbogbo yín lẹ jọ ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá dúró yún ara, ọ̀tá ò ní dúró dè ọ́.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé gbogbo sánmà náà dúdú bí ìdí ìkòkò, àfi ibi tí o bá wà gan-an. O ò mọ ibi tí ọ̀tá tẹ̀dó sí, o ò mọ ohun tó ń kọ́, o ò sì mọ ọ̀nà tó máa gbà wá bá ọ. Àfi kí o mú òṣìṣẹ́ kan kúrò nídìí iṣẹ́, kí o rán an jáde pé kó lọ wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ yẹn kì í padà wálé. Á rí ọ̀tá, ọ̀tá á rí i, á kú, ṣùgbọ́n ìwọ tó rán an á ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tí èmi àti ẹnìkejì mi bá jọ wà lápá kan, tí àwọn àjèjì méjì wà lápá kejì, òṣìṣẹ́ tèmi ló máa ń lọ kú. Àwọn tirẹ̀ á wà nílé, wọ́n á máa wa òkúta.

Pápá Àjàó ní Mushin ni wọ́n ti bí wa, níbi tí bàbá wa ti ń ran aga mọ́tò títí dòní. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó padà sí ìlú rẹ̀, ó wá gbé kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ fún wa pé kí àwọn ọmọ máa fi kọ́ṣẹ́. Géèmù yẹn ti wà nínú rẹ̀. Bàbá wa fi awọ aga pupa tó ṣẹ́kù ran aṣọ fún kọ̀ǹpútà náà kí eruku má baà bà á jẹ́, ó sì ran tìmùtìmù gbọọrọ kan sórí àpótí kí àwa méjèèjì lè jọ jókòó. Máòsì wà lọ́wọ́ ẹnìkejì mi. Kí ló dé? Òun ni ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tèmi ni kí n na ọwọ́ kọjá lórí itan rẹ̀, kí n máa tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ẹni tí à ń rán lọ sínú òkùnkùn, kí n sì máa sọ ohun tí mo bá rí.

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ìbejì. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Èyí tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán àbúrò rẹ̀ ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Àbúrò á dé, á ké, ẹ̀gbọ́n á gbọ́ igbe náà, á wá rọra máa bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí títí ó fi sú mi. Nínú gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́, kò sí ẹnìkan tó bi mí rí bóyá mo fẹ́ lọ síbi tí wọ́n rán mi.

Wọ́n sì fi ìtàn náà jẹ mí níyà nílé wa. Tí wọ́n bá se agbo ibà, èmi ni mo máa kọ́kọ́ mu, kí ẹnìkejì mi lè wo ojú mi mọ bó ṣe korò tó. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ wá sí ilé ẹ̀kọ́, tíṣà kan tó mọ àṣà ló fà mí jáde láti ẹ̀yìn ìlà, ó ní àkọ́dé ló yẹ kó ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n gbé ajá kan wá sí ilé kejì sí tiwa, èmi ni wọ́n ní kí n lọ wò ó bóyá ó ń gé èèyàn jẹ. Ó ń gé èèyàn jẹ. Àpá rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹran dé orí àwo. Kíá ni gbogbo ilé á rántí pé ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ ń mú ẹran, òun ló ń sùn lápá ibi tí fèrèsé wà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ra fóònù fún. Bí nǹkan bá korò, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ayé. Bó bá dùn, òun ni ẹ̀gbọ́n. Mo sọ èyí fún màmá wa nígbà kan, kí Ọlọ́run forí jìn ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀, mi ò sì tíì rí i títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ má sì rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún yín. Ilé iṣẹ́ kan ní Yaba tó ń ṣe áàpù orí fóònù ló gbà mí. Kí wọ́n tó gbé áàpù síta fún aráyé, èmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún pé kí n lò ó, kí n wá ibi tó ti bàjẹ́. Ẹnìkejì mi ńkọ́? Ó ń gba àwọn aláìsàn wọlé ní ilé ìwòsàn kan. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, àwọn èèyàn ń wá bá a. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tó jẹ́, ó ní ṣé mo wá rí i pé Ọlọ́run kì í ṣe àṣìṣe.

A jọ háyà ilé oníyàrá méjì ní Yaba. A gbé kọ̀ǹpútà náà wá láti Mushin pẹ̀lú aṣọ pupa tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkejì mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, tí a bá ti fọṣọ tán, a ó jókòó sí pálọ̀, a ó gbá géèmù wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó gbádùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Kò sí ẹlòmíì tí mo lè bá gbá a láìsọ̀rọ̀ púpọ̀ bí ẹnìkejì mi. Ohun tó ń bí mi nínú ò ju gbólóhùn kan yẹn lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí ọkùnrin kan fi ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fìsíìsì ní Surulere, kì í pariwo, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lẹ́yìn. Tó bá ní òun á dé ní aago mẹ́rin, aago mẹ́rin náà ni. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá sí Pápá Àjàó láti wá rí bàbá wa, kí wọ́n lè mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí wọ́n so yìgì kí ààwẹ̀ tó wọlé, nítorí ara ìyá àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ le, ó sì fẹ́ fojú rí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Bàbá wa ìbá gbà. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n Àlàájà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ẹni tó ń darí ilé wa láti ìgbà tí màmá wa ti lọ. Àlàájà gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tán, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní ọ̀rọ̀ wọn dára ṣùgbọ́n a kì í gbé àbúrò kọjá lára ẹ̀gbọ́n nínú ilé àwọn. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọmọ tí wọ́n ń wá nìyẹn tó jókòó yẹn, kò tíì lọ́kọ. Kí wọ́n ní sùúrù kí ọkọ tirẹ̀ dé ná. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọkọ náà ti wà lọ́nà, ó ku kó sọ̀ kalẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà.

Ọkọ wo? Ẹnìkejì mi ò ní ẹnikẹ́ni. Kò wá ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun wá. Mo wo bàbá wa. Bàbá wa ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wá wo ẹnìkejì mi, nítorí òun nìkan ló lè sọ fún wọn pé òun ò bínú, kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ. Ó ń fi ìka fa okùn tó yọ létí kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn àlejò mu omi, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Nígbà tó jẹ́ ajá ló wà lọ́hùn-ún, èmi ni wọ́n rán ṣíwájú. Nígbà tó wá di ọkọ, wọ́n rántí pé àbúrò ni mí. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ní òun máa dúró, mo sì mọ̀ pé ó máa dúró, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní ilé tó ń sọ fún àna pé kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bóyá kò fẹ́ kó wọlé ni. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá kò sí ọmọbìnrin tí kì í ṣe ìbejì ní gbogbo Èkó. Ọkùnrin náà sọ èyí fún mi bí àwàdà. Kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a jókòó sídìí géèmù bí a ṣe máa ń ṣe. A ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mushin. Àwọn méjì kan láti orílẹ̀-èdè tí a ò mọ̀ la bá pàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wa òkúta. Ẹnìkejì mi fi àgbọ̀n júwe.

"Lọ wo ibẹ̀."

"Mi ò lọ."

Ó rò pé mò ń ṣeré. Ó tún sọ ọ́. Mo ní mo ti gbọ́, mi ò lọ. Ó wá mú òṣìṣẹ́ tirẹ̀ kan, ó rán an lọ tààrà la àárín sánmà kọjá. Èèyàn kì í gba àárín lọ sínú òkùnkùn. Etí ni à ń gbà. À á yọjú, à á sá, à á tún yọjú láti ibòmíì. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìyẹn, ó yẹ kí òun náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ rí kò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n pa á lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó rán òmíràn, ìyẹn náà gba àárín, wọ́n pa á. Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ wọn já lù wá láti ẹ̀yìn, níbi tí kò sẹ́ni tó wò. Ibùdó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo ní ọkọ̀ tó lè gbà á là. Mo káwọ́ gbera.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Wọ́n ń pa wá o!"

"Mò ń dúró," mo ní. "Ṣebí wọ́n ní kí n dúró de ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń dúró dè ẹ́."

Ibùdó tirẹ̀ jóná tán, tèmi tẹ̀lé e. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Mo wá tú gbogbo ohun tó wà nínú mi sílẹ̀. Mo ní ṣé kò lẹ́nu ni, tó fi jókòó tí wọ́n ń fi òun dí mi lọ́nà. Mo ní gbogbo ìgbà ló ń jẹ nínú dídùn tí orúkọ ẹ̀gbọ́n ń mú wá, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó fi orúkọ náà ṣe mí lóore, ó ń fa okùn kápẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé ó máa bá mi jà. Kò bá mi jà. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú Àlàájà. Ó ní òun ò tíì wọ ibì kankan rí láyé òun láìjẹ́ pé mo ti kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, tí mo sì ti sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Ó ní tí òun bá sọ pé kí n máa lọ, màá lọ lóòótọ́, òun á sì ku òun nìkan nínú ilé yìí.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní.

"Ẹ̀rù ba èmi náà nígbà tí ajá yẹn ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ibi tí àpá náà wà, bí ẹni pé kò rí i rí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ ká aṣọ wọlé.

Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, kò bẹ̀ mí pé kí n wá gbá géèmù. Mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, mo bá a nídìí kọ̀ǹpútà, òun nìkan, ó ń bá ẹ̀rọ gbá a. Mo wọ ilé ìdáná lọ dín dòdò, mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Kò kọ́ ọkọ̀ ogun kankan. Gbogbo ohun tó ń ṣe ò ju pé kó mú òṣìṣẹ́ kan, kó rán an sínú òkùnkùn, kí wọ́n pa á, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi láti sọ fún un pé kó gba etí. Mo gé ahọ́n mi jẹ. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì rí ìdí tí màá fi kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n fi ajá kọ́ mi. Ìgbà tí mo tún wò ó, ó ti ń gba etí. Wọ́n rí i, ó sá, ó yí po, ó tún yọjú. Dòdò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá wa pè wá sí Mushin. Ẹ̀gbọ́n ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ti pè é pé àwọn fẹ́ èsì: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn mọ̀, kí ìyá àwọn lè gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, orí mi gbóná. Mo mọ ohun tí Àlàájà máa sọ, mo sì mọ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tó máa padà wá tọrọ mi láti ilé náà mọ́.

A kúnlẹ̀ kí wọn, èmi àti ẹnìkejì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Àlàájà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó ní òun ò kórìíra mi, àṣà ni. Mo ti la ẹnu láti dá a lóhùn, irú èsì tí wọn ì bá máa fi pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ títí ayé, nígbà tí ẹnìkejì mi gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Àlàájà, ẹ má bínú," ó ní. "Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Nínú àwa méjèèjì, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

Àlàájà ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, àbí kì í ṣe ohun tí òun ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn? Ó ní ẹnìkejì mi ni ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkejì mi ní ó dáa, ta ló wá rán ẹnìkejì níṣẹ́ nígbà tí àwọn ń bọ̀ wá sáyé? Àlàájà fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú igbe ọmọ tuntun nínú rẹ̀. Ẹnìkejì mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá bi í bóyá òun ṣì lè rán àbúrò òun níṣẹ́ títí dòní. Àlàájà ní kí ló dé tí kò ní lè rán an? Ta ló fẹ́ sọ pé kó má rán an?

"Ẹ ṣé, mà," ó ní. "Mo rán an. Mi ò mọ bí ilé ọkọ ṣe rí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Kó kọ́kọ́ lọ bá mi wò ó. Tó bá dára níbẹ̀, kó ké sí mi, èmi náà á máa bọ̀ lẹ́yìn."

Àlàájà tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó tú u, ó tún tún un ṣe. Bàbá wa gbé ojú kúrò lára ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Ó ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Àlàájà ní ọmọ ayé òde òní, ẹnu wọn gùn. Ṣùgbọ́n kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kí wọ́n pe àwọn èèyàn náà kí wọ́n máa bọ̀ wá mú ọjọ́.

Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo wólẹ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ìdí ọkọ̀ tí a máa wọ̀ padà sí Yaba, ìbínú ti gba ọkàn mi tán. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ yẹn, kò sẹ́nì kan tó sọ pé mo ti dàgbà, pé mo rí ẹni tí mo fẹ́, àti pé ìyẹn tó. Ńṣe ni wọ́n jẹ́ kí n lọ bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀. Bí mo ṣe ń lọ sílé ọkọ ni mo tún wà lẹ́nu iṣẹ́! Mo sọ ọ́ fún ẹnìkejì mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ní mi ò ní jẹ́ iṣẹ́ kankan fún un mọ́ láyé yìí, kó gbọ́ ọ dáadáa.

"Ṣé o fẹ́ lọ àbí o ò fẹ́ lọ?" ó bi mí.

Mo ní mo fẹ́ lọ. Ó ní kí n máa lọ nígbà náà. Ó rẹ̀ ẹ́, mo rí i lójú rẹ̀. Ó fi orí ti fèrèsé ọkọ̀, ó sì sùn títí a fi dé.

Wọ́n so yìgì kí ààwẹ̀ tó wọlé. Mo kó lọ sí Surulere, sọ́dọ̀ ọkọ mi àti ìyá rẹ̀. Nígbà tí mò ń kó ẹrù, mo gbé kọ̀ǹpútà wa pẹ̀lú aṣọ pupa rẹ̀, mi ò sì bi ẹ̀gbọ́n kankan bóyá ó fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ẹnìkejì mi bá mi gbé e sínú mọ́tò. Gbogbo àwọn tó wà ní Mushin ló ń pè mí lórí fóònù láti bi mí bí ibẹ̀ ṣe rí, Àlàájà ló sì ń pè jù. "A dúpẹ́" ni mò ń sọ fún gbogbo wọn. Mo ti pinnu pé mi ò ní jábọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ọkọ mi ní iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ẹnìkejì mi pè pé ṣé kí a gbá géèmù. Mo fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà kí a lè máa gbọ́ ara wa. Sánmà ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì ti múra ẹnu sílẹ̀ fún gbólóhùn yẹn. Kò sọ ọ́. Mo rí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ kan tó kúrò nídìí òkúta, tó gba etí lọ jẹ́jẹ́, tó wọnú òkùnkùn. Ó ní wọ́n wà lọ́wọ́ òsì, lókè, ọkọ̀ wọn ò tíì pọ̀. A lọ bá wọn níbẹ̀, a sì borí wọn.

Lẹ́yìn náà kò pa fóònù. Mo ń gbọ́ fáànù pálọ̀ wa ní Yaba, tó máa ń dún kẹ́kẹ́ tó bá ń yí. Kò sí ohùn mìíràn nínú ilé náà.

"Ibẹ̀ ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ó dára níbẹ̀?"

Mo fẹ́ kí òun náà dúró díẹ̀, kó mọ bí dídúró ṣe ń rí. Fáànù yẹn ń dún. Kò tún un bi mí.

"Ó dára," mo ní. "Atẹ́gùn ń wọlé dáadáa. Ìyá rẹ̀ ò le rárá, ọ̀rẹ́ ló ń pè mí. Ìwọ náà máa bọ̀ tó bá yá."

Ó ní ó dáa, ohùn rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó pa fóònù. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà, inú ń bí mi sí ara mi bí nǹkan míì, nítorí iṣẹ́ tí mo búra pé mi ò ní jẹ́ láyé mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ẹ tán ni.